Bí A Ṣe Tún Ilé Ṣe De Olùrà

Ẹni tí kò bá tíì tún ilé ìyá rẹ̀ ṣe lójú ìyá rẹ̀, ẹni náà kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbínú. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé títí mo fi fẹ̀yìntì. Òbí ti wọ ọ́fíìsì mi rí tó ń fi orúkọ ìyá tó bí mi búra, n kò gbaná jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí a fi ń múra ilé wa ní Ifẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ rà á tó wá wò ó, díẹ̀ ló kù kí n bọ́ sí títì.

Ohun tó mú ká fẹ́ ta ilé náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni ìyá mi ti ń dá gbé ibẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá, ó lọ fa omi ní kànga láàárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ṣubú. Ilẹ̀ níbẹ̀ ló wà títí ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá ẹ̀yìn fi jí, tó wá fọ ẹnu. Wọ́n pè mí ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo máa fi dé, Màámi ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ní kí ni mo wá ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti kùn mí mọ́. Bí fóònù bá dún láàárọ̀ báyìí, àyà mi á já. Mo máa rò pé wọ́n tún ti bá a nílẹ̀ ni, àti pé lọ́tẹ̀ yìí ẹnikẹ́ni ò tètè bá a.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Èkó wá fẹnu kò pé kí a ta ilé náà, kí Màámi wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. A sọ fún un. Ó wò wá, ó ní, "Ẹ tà á." Kò sunkún, kò jà. Ó yẹ kí n ti fura lọ́jọ́ náà, torí ìyá mi kì í gbà kí a sún àga kan ní pálọ̀ láì jẹ́ pé a kọ́kọ́ ṣèpàdé lé e lórí.

Ajẹ́ńtì kan bá wa rí olùrà, Àlàájì kan tó ń ta pákó ní Ẹdúnàbọ̀n, tó fẹ́ kí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbé nítòsí ilé ìwé. Ọjọ́ Sátidé ló ní òun máa wá wò ó. Ajẹ́ńtì ní ká tún ibẹ̀ ṣe dáadáa, pé Àlàájì kì í ra ohun tí kò bá dùn ún wò lójú. Ọ̀rọ̀ yìí ni àbúrò mi gbọ́ tó fi gba ìjọba. Ó jókòó sí Èkó, ó ń fi fóònù pàṣẹ. Ó ti wo fídíò bí àwọn òyìnbó ṣe ń ta ilé, ó sì ti dọ̀gá nínú rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ kó gbogbo fọ́tò kúrò lára ògiri. Ẹni tó fẹ́ ra ilé gbọ́dọ̀ lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀."

Mo bi í pé ṣé Àlàájì ò ní dígí nílé ni. Ó tún ní kí n gbé òdòdó sí pálọ̀, kí n sì gbé nǹkan tó ń ta sánsán kaná kí wọ́n tó dé, pé òórùn dídùn máa ń mú kí ilé wọ ènìyàn lọ́kàn. Mo bi í pé irú ńkọ́. Kò rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀ mo kó àwọn fọ́tò náà. Mo kó ti ìgbéyàwó wọn, mo kó ti ìgbà tí bàbá wa dé fìlà tí kò bá a mu, mo kó èyí tí èmi àti àbúrò mi ti wọ ṣòkòtò kan náà, mo dì wọ́n sínú páálí. Mo lọ fọ ilé ìdáná. Nígbà tí mo padà dé pálọ̀, Màámi ti tú páálí, ó ti nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti gbé wọn kọ́ padà. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti fẹ́ nu wọ́n, ọwọ́ òun ni kò dé òkè, kí n ṣeun. Mo tún kó wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún gbé wọn kọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi wọ́n sílẹ̀, kí Àlàájì wá ara rẹ̀ láàárín wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan fẹ́ǹsì. Nígbà tí àwọn gbájú-ẹ̀ ń ta ilé onílé káàkiri, bàbá wa ra ọ̀dà pupa, ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Kì í ṣe ẹyọ kan ló kọ. Ó kọ ọ́ sí iwájú, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó tún lọ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn, níbi tí gbájú-ẹ̀ kankan ò lè dé àfi tó bá gba orí kànga. Mo pe akunlé. Ó fi ọ̀dà funfun bò ó, ó sì lọ. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, pupa rọra ń yọjú bí ẹni tó ń yọjú wo àlejò láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ó tún un kùn. Ó tún jáde. Ẹni tó bá dúró níwájú ilé wa ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, á kà á ketekete pé ilé tí a ń tà kì í ṣe títà. Màámi dúró tì mí, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá yín kì í kọ nǹkan kó parẹ́."

Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tutọ́ funfun. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ki ni mo fi bò ó níkẹyìn. Gbogbo ilé wá funfun, fẹ́ǹsì nìkan ló dà bíi ti bárékè sójà.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá má rojọ́. Sàréè bàbá wa ni wàhálà gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ilé, lábẹ́ fèrèsé pálọ̀, ni a sin ín sí. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Òkèrèwè fẹ́ gbé e lọ sí agboolé nígbà tó kú. Màámi ló fàáké kọ́rí pé ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé, inú ilé rẹ̀ ni yóò sùn. Kò sí ohun àjèjì nínú ìyẹn nílùú wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra ilé kì í sábà fẹ́ ra òkú mọ́ ọn. Àbúrò mi ní ká hú u. Mo ní kó máa bọ̀ láti Èkó kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú u. Ó wá ní, "Kí la lè fi bò ó?"

Àbá tó dá nìyí: kí birikìlà ṣí òkúta mábù tí orúkọ bàbá wa wà lára rẹ̀, kó da kọnkéré lé gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé láti ibẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì, kó tẹ́jú, kí a wá gbé tábìlì àti àga ike sórí rẹ̀, kó dà bí ibi ìgbafẹ́. Ó ní kì í ṣe irọ́, pé a máa sọ fún Àlàájì tí ilé bá ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn tán. Ó yẹ kí n sọ fún un pé orí rẹ̀ ti dàrú. Mo gbà fún un. Ìbẹ̀rù fóònù àárọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n gbà.

Birikìlà wá. Màámi gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ wá síbẹ̀, ó ń wòran. Ó tún ń kọ́ ọ pé kó má da omi jù sí iyanrìn. Nígbà tí wọ́n gbé mábù kúrò, ó ní kí wọ́n gbé e sábẹ́ ibùsùn òun, kí wọ́n fi aṣọ dì í. Nígbà tí ọkùnrin náà da kọnkéré tán, ilẹ̀ lásán tó wà láàárín sàréè àti fẹ́ǹsì náà ti wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Màámi ní, "Ẹ da á dé ibẹ̀ yẹn náà?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, kó lè dọ́gba."

Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ó dọ́gba lóòótọ́." Ó dìde, ó wọlé lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, tí ó yẹ kí n máa nu ilẹ̀, iyán ni mò ń gún. Màámi ní àlejò ò lè wọ ilé òun, kó wo àjà, kó wo kànga, kó sì fi ọ̀fun gbígbẹ lọ. Mo ní wọn kì í ṣe àlejò, olùrà ni wọ́n. Ó ní ṣé olùrà ò ní ikùn ni. Ó ro ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀, irú sì gba ilé kan. Àlàájì wọlé, ó fa òórùn náà símú, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ má sọ fún àbúrò mi pé ó sòótọ́ lórí ìyẹn.

Àlàájì jẹ́ ẹni bí ọgọ́ta ọdún, oníwà pẹ̀lẹ́, ó sì mọ igi. Ó gbójú sókè wo àjà yàrá kejì, ó ní, "Ìyá, ṣé òrùlé yìí kì í jò?"

Mo ti la ẹnu láti dáhùn. Màámi ṣáájú mi. "Ó ń jò. Bí òjò bá gba apá Mọdákẹ́kẹ́ wá, ó máa jò. Bí kò bá gba ibẹ̀ wá, kò ní jò."

Mo wúkọ́. Màámi ní kí n lọ mumi.

A dé fèrèsé. Àlàájì fi ìka kan férémù rẹ̀. Màámi ní, "Ikán ti jẹ ẹ́ nínú. Ọ̀dà lẹ̀ ń wò yẹn." A dé kànga. Ó ní, "Ó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibí yìí náà ni mo ti ṣubú." Ajẹ́ńtì ń nu òógùn, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo kọ́ ìyá mi lọ́rọ̀. Mo fa Màámi sẹ́yìn ní kọ́rídọ̀.

"Màámi, ṣé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n ra ilé yìí ni?"

"Mo fẹ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń ṣe báyìí?"

"Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo ilé. Mò ń fi hàn wọ́n ni."

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé òótọ́ tó ń sọ yẹn ń wọ Àlàájì lára. Bó bá ti sọ ọ̀kan, ọkùnrin náà á mi orí, á ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń ra nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, kò sí ẹni tó bá òun sọ̀rọ̀ báyìí rí. Nígbà tí a fi máa gbé oúnjẹ síta fún un, ó ti ń sọ yàrá tí òun máa fún ìyàwó òun. Ọkàn mi wá ń rọ̀. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga ike tí a tò sórí kọnkéré, ó wẹ ọwọ́, ó ki òkèlè àkọ́kọ́ bọ ọbẹ̀.

Màámi ní, "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún àga yẹn sọ́tùn-ún díẹ̀."

"Kò sí wàhálà, Ìyá. Ṣé oòrùn ni?"

"Rárá o. Orí ọkọ mi lẹ jókòó lé."

Àlàájì dìde tòkèlè tòkèlè. Ó wo ilẹ̀, ó wo Màámi, ó wá wò mí. N kò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Ajẹ́ńtì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lápò. Àlàájì gbé òkèlè náà padà sínú àwo, ó lóṣòó, ó ní "Ìnná lílláhì", ó sì ṣàdúrà kúkúrú fún bàbá wa. Nígbà tó dìde, èmi ló kọjú sí.

"Ẹ̀yin lẹ da kọnkéré lé bàbá yín lórí nítorí mi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ojú tì mí ju ti ìgbà tí wọ́n bá mi níbi ìjíwèéwò nígbà tí mo wà lọ́mọ ilé ìwé.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n sin bàbá òun náà sí ní Ẹdúnàbọ̀n, pé òkú kì í lé ènìyàn jáde. Ó ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé ibi tí sàréè wà kì í ṣe ara ohun tí òun rà, kí a dá mábù padà, kí a sì máa wá ṣàdúrà síbẹ̀ nígbà tó bá wù wá. Orúnkún mi ti kan ilẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ń dúpẹ́, mo sì ti ń rí Màámi ní yàrá tí mo ti tọ́jú sílẹ̀ fún un ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá jí.

Màámi náà dúpẹ́. Ó wá ní, "Ṣé kí wọ́n kọ tèmi náà mọ́ ọn?"

"Tiyín wo, Ìyá?"

Ó na ọ̀pá sí àárín sàréè àti fẹ́ǹsì, sórí kọnkéré tuntun náà. "Ibí yìí. Ibẹ̀ ni àyè mi."

Àlàájì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rí i pé Màámi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Sàréè tí mo bá nílé, mo lè gbà á. Ṣùgbọ́n kí n ra ilé tán, kí n wá máa retí òkú tí wọ́n ṣì ń bọ̀ wá sin síbẹ̀, ìyàwó mi ò ní gbà, èmi náà ò sì ní lè sùn."

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Màámi wí. "Ẹ jókòó, ẹ jẹun, iyán ń tutù."

Àlàájì jẹun tán, ó ṣàdúrà fún wa, ó lọ. Ajẹ́ńtì ò kí mi pé ó dàbọ̀.

Mo gbaná jẹ. N kò ní fi pamọ́. Mo pariwo mọ́ ìyá mi débi pé ọmọ yunifásítì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ ní ká tà á."

"Ẹ bi mí pé ṣé kí ẹ tà á, mo ní ẹ tà á. Ilé yín ni. Ta ló bi mí nípa ibi tí èmi máa wà?"

"Ìbàdàn ni mà. Kí la ti ń sọ láti ọjọ́ yìí?"

"Ìbàdàn ni n ó ti máa jí. Ọjọ́ tí n kò bá jí mọ́ ńkọ́?"

Ìbínú ló jẹ́ kí n sọ pé ìtẹ́ òkú wà ní Ìbàdàn. Bí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu mi ni mo fẹ́ kó o padà. Màámi kò ṣe bí ẹni pé ó gbọ́. Mo wá rọ ohùn sílẹ̀, mo ní Ìpetumodù ṣáà ni ilé bàbá rẹ̀, pé àwọn ẹbí rẹ̀ níbẹ̀ ò ní kọ̀ ọ́.

"Ọmọ tí wọ́n fi ìlù àti ayọ̀ sìn lọ sílé ọkọ, òkú rẹ̀ ni wọ́n máa gbé padà wálé?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí birikìlà ń da nǹkan lé e? Ẹ jókòó níbẹ̀. Ẹ tún ń kọ́ ọ bó ṣe máa po iyanrìn."

Ó tún ìró rẹ̀ ró kó tó dáhùn. "Mò ń wò yín ni. Mo ní bóyá ọ̀kan nínú yín á rántí."

Mo rántí nígbà náà. Ọjọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ bàbá wa, àárín gbùngbùn ẹ̀gbẹ́ ilé ni àwọn agbẹ́lẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ gbẹ́ ẹ sí. Màámi tó wà nínú yàrá opó rán mi sí wọn. Èmi fúnra mi ni mo jíṣẹ́ náà, èmi ni mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi sún un sápá kan, kí àyè ẹnì kejì lè kù. Láti ọjọ́ náà Màámi ò gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, kò jẹ́ kí ayálégbé sá aṣọ síbẹ̀. Ó kàn ń gbá a láràárọ̀ ni.

Gbogbo ìbínú mi ò lọ, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó máa bá jà mọ́. Mo ní, "Bí ẹ bá tún ṣubú ńkọ́? Ta ló máa wà pẹ̀lú yín?"

"Ṣebí o ti fẹ̀yìntì. Kí ló kù tí ò ń ṣe ní Ìbàdàn?"

Ilé mi wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì mi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀. Fóònù dún. Àbúrò mi ni. Ó ní báwo ni, ṣé òdòdó yẹn wú Àlàájì lórí. Mo ní kó máa bọ̀ nílé ní Sátidé tó ń bọ̀, kó wá ràn mí lọ́wọ́ kó ẹrù mi láti Ìbàdàn wá sí Ifẹ̀, mo sì pa fóònù.

Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo gbé dígà. Mo kó àwọn àga ike kúrò, mo di ìró mi ní àmùrè, mo sì fi gbogbo agbára mi gbé dígà náà lé kọnkéré. Kò sán. Birikìlà yẹn, tí kì í ṣe iṣẹ́ kó pé, ọ̀tẹ̀ yìí ló ṣe é pé. Mo tún lù ú. Màámi gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ jáde, ó jókòó, ó na ọ̀pá.

"Rọra. Má máa lù ú báyẹn níbẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ni orí mi máa wà."

Mo sún sí apá ibi ẹsẹ̀, mo tún gbé dígà sókè.